Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ń bọ̀ wá bá onísọ̀ kékeré l'Ógbómọ̀ṣọ́: níbo ni ìjà náà wà gan-an?

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí àwọn onísọ̀ ń sọ láti Tàkíé títí dé Under-G, pé àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá tó jẹ́ pé Èkó àti Ìbàdàn la ti ń rí wọn tẹ́lẹ̀ ti ń wọ ìlú tí ò tó yẹn, wọ́n á kọ́ ilé alájà méjì, wọ́n á tan iná yòò, wọ́n á to búrẹ́dì gbígbóná sí ẹnu ọ̀nà, mọ́tò á rí ibi páàkì, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí èèyàn nájà. Ìyá tó ń ta Indomie, ọṣẹ àti màgí nínú kọ̀ntéínà lẹ́bàá títì wá ń bi ara ẹ̀ pé ṣé kí òun máa kógbá sílé ni. Èmi ò rò pé ó máa kógbá sílé, àmọ́ mi ò ní sọ fún un pé kó lọ fọkàn balẹ̀ o, torí nǹkan kan wà tó ń pa ìsọ̀ kékeré lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé ibi tá à ń wò kọ́ ló ti ń wá. Orí káńtà là ń wò, ibi tí kọ́sítọ́mà ti ń ra ọjà lọ́wọ́ onísọ̀. Ibi tí onísọ̀ fúnra ẹ̀ ti lọ ra ọjà wálé ni ìjà wà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn ẹni ńlá yìí ṣe ń rí ọjà tà ní owó tó rọjú. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ tàbí tòmátò alágolo kì í tà fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Dísírìbútọ̀ ló ń tà fún, dísírìbútọ̀ á tà fún àwọn tó ní dépò, àwọn yẹn á tà fún ẹni tó ń ta ní páálí-páálí nínú ọjà, ibẹ̀ ni onísọ̀ kékeré ti wá ń rà. Gbogbo ẹni tí ọjà bá gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá ló máa fi nǹkan lé e, ẹ̀tọ́ wọn sì ni, kò sẹ́ni tó ń ṣòwò lófò. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, iye tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ọjà kankan pàtó o, ká lè rí bó ṣe ń lọ ni. Ká ní páálí kan kúrò nílé-iṣẹ́ ní ₦10,000, dísírìbútọ̀ fi ₦400 lé e, ẹni tó ń ta ní páálí fi ₦500 lé e, kẹ̀kẹ́ márúwá tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù gba ₦300, ó ti di ₦11,200 kí onísọ̀ tó tú u. Tó bá tà á ní ₦12,000, ₦800 lèrè tó rí. Súpámákẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀ka káàkiri wá lọ ra páálí 2,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ilé-iṣẹ́ bu owó kúrò fún un, ó rà á ní ₦9,600, ó sì tà á ní ₦11,300. Ẹ wò ó, ó tà á ní pọ́ọ́kú ju onísọ̀ lọ, síbẹ̀ ₦1,700 ló kù sí i lọ́wọ́ kó tó yọ owó ọkọ̀, owó iná àti owó òṣìṣẹ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Onísọ̀ kékeré, owó lọ́wọ́ ọjà lọ́wọ́ ni. Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá lè kó ọjà, kó tà á tán, kó tó san owó ọlọ́jà lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ìyẹn ni pé owó ẹlòmíì ló fi ń ṣòwò láìsan èlé kankan. Ilé-iṣẹ́ míì tún máa ń fún wọn ní nǹkan kí wọ́n lè gbé ọjà tiwọn sí ibi tójú á ti tètè rí i. Búrẹ́dì tàbí ṣúgà tẹ́ ẹ rí tí wọ́n ń tà ní owó tí kò jọ owó, wọ́n mọ̀ pé wọn ò jèrè lórí ìyẹn, wọ́n fi pe èèyàn wọlé ni, ẹni tó wá ra búrẹ́dì á ra bọ́tà, á ra nǹkan ọmọ, á ra wáìnì, àwọn yẹn ni wọ́n ti ń gba owó wọn padà. Onísọ̀ tó bá wá ní òun fẹ́ bá wọn dù ú lórí iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì, ojú owó ara ẹ̀ ló ń jẹ.

Àmọ́ iye owó nìkan kọ́ ni ọjà títà, ẹni tó bá ti jókòó ti káńtà rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé owó oṣù tó kéré jù dé ₦80,000 ní January 2025. Ẹ pín in sí ọjọ́ 30, kò tó ₦2,700 lójúmọ́, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀, owó iléèwé ọmọ, inú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹni tó ń gba owó oṣù la ṣì ń sọ o. Ọlọ́kadà, ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà, obìnrin tó ń fọ̀ṣọ fún àwọn ọmọ iléèwé ní Under-G, owó ojúmọ́ ni tiwọn, ẹni tó ń rówó lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ náà ló ń ra ọjà. Epo pupa tí wọ́n dì sínú nylon, ṣúgà ìdì kékeré, màgí méjì, Milo oní-sáṣẹ́ẹ̀tì, gaàrí àbọ̀ kóńgò, ohun tó ń rà nìyẹn, kò sí súpámákẹ́ẹ̀tì tó máa bá a tú páálí màgí kó lè mú méjì. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé tálákà ń náwó jù torí ó ń ra nǹkan ní kékeré-kékeré, òótọ́ ni tá a bá ṣírò ẹ̀, àmọ́ owó páálí ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọmọ, onísọ̀ tó tú páálí yẹn ló bá a yanjú ẹ̀.

Ẹ tún wo ti ìrìnnà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, owó ọkọ̀ láàárín ìlú ti le débi pé ẹni tó máa kúrò l'Árówómọlẹ̀ lọ sí Tàkíé torí pé ọṣẹ fi ₦100 dín níbẹ̀, ó máa ná ju ₦100 náà lọ lórí ọkọ̀. Ìsọ̀ kékeré wà ní ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n lè rán ọmọ ọdún méje níbẹ̀, á gba ọjà, á gba ṣéńjì, á sì délé láyọ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ó ti ṣí fún ẹni tó fẹ́ mu ẹ̀kọ, aago mẹ́wàá alẹ́ wọ́n ṣì lè kan ilẹ̀kùn ẹ̀ pé màmá ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń gbóná, ṣé Paracetamol wà.

Àwìn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí òun ni agbára tó tóbi jù tí ìsọ̀ kékeré ní, òun náà ló sì ń pa á. Súpámákẹ́ẹ̀tì ò mọ ẹ, ẹ̀rọ ni káṣíà ń wò, tí owó ò bá pé kí o gbé ọjà sílẹ̀. Onísọ̀ àdúgbò mọ ẹni tí owó oṣù ẹ̀ ń pẹ́, ó mọ ẹni tí ọkọ ẹ̀ wà lájò, ó mọ ilé tí ọmọ náà ti wá nígbà tó bá ní “Màmá mi ní kí ẹ bá àwọn kọ ọ́ sílẹ̀, ó dọjọ́ Friday.” Kò sí báǹkì tó ní irú ìmọ̀ yẹn. Àwọn Òṣómàáló láti Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láyé àtijọ́, àwìn yìí ni wọ́n fi dolówó, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń tà fún, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó wọn.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tó jẹ yín ní ₦2,000 á ṣì máa kí yín pé ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá, àmọ́ ẹni tó jẹ yín ní ₦20,000 á ti máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ọjọ́ tí owó bá sì dé ọwọ́ ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù yín kọ́ ló máa wá, torí ojú ń tì í, súpámákẹ́ẹ̀tì tí ò mọ̀ ọ́n ló máa lọ ná owó ọwọ́ ẹ̀ sí. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ẹ bọ́ ọ nígbà tí ò ní, ẹlòmíì wá ń gba owó ẹ̀ nígbà tó ní. Èmi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé àwìn ò sí lónìí ẹ padà wá lọ́la, torí tí àwìn bá kúrò pátápátá, ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wá sí ìsọ̀ yẹn ti lọ. Ohun tó yẹ ni pé kí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè jẹ ní ààlà, kó kéré, kí ọjọ́ tó máa san án wà lórí ìwé, kí ẹ má sì kọ òmíì tí ti àkọ́kọ́ ò bá tíì wọlé. Kí ìwé yẹn sì jẹ́ ìwé gidi, kó má jẹ́ ẹ̀yìn páálí sìgá tí ọmọ lè fà ya.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò tiẹ̀ yẹ kó jẹ́ àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó lọ Gáná, pàápàá àwọn tó wà ní Tamale àti àwọn ìlú apá òkè lọ́hùn-ún, ìdí ìjà yìí ni wọ́n wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bíi UAC ló ń kó ọjà wọ̀lú nígbà náà, wọ́n ní owó, wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n ní ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn èèyàn wa ò kọ́ ilé tó tó tiwọn. Wọ́n ra ọjà ní odindi, wọ́n tú u, wọ́n gbé e lé orí àti kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé tí òyìnbó ò ní dé, wọ́n ta abẹ́rẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ta sìgá ní ẹyọ, wọ́n ta jígí, wọ́n ta aṣọ. Ẹni tó bá dé ṣáájú á mú àbúrò wá láti ilé, á kọ́ ọ, á fún un lọ́jà díẹ̀ kó fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ló lé wọn kúrò níbẹ̀, òfin ìjọba Busia ní November 1969 ni, tó ní kí gbogbo àjèjì tí ò ní ìwé ìgbéèlú kó ẹrù wọn kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ilé l'Ógbómọ̀ṣọ́ ṣì ní ẹni tó lè ròyìn ẹ̀ fún yín.

Ẹni ńlá náà ò sì ṣe irin o. UAC ló ni ilé ìtajà ńlá Kingsway, èyí tó ṣí ní Marina l'Ékòó ní 1948, tó tún wá sí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, àwọn àgbàlagbà ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ lọ síbẹ̀ lásìkò Kérésìmesì, kò sí mọ́ lónìí. Shoprite dé sí Lẹ́kí ní December 2005, àwọn ará South Africa tó ni ín sọ ní 2020 pé àwọn ń lọ, àwọn oníṣòwò Nàìjíríà rà á ní 2021, wọ́n sì ti ti ẹ̀ka Kano pa ní January 2024. Game, tí òun náà jẹ́ ti South Africa, ti kó lọ ní 2022. Dísẹ̀lì wọ́n, rẹ́ǹtì tí wọ́n ń fi dọ́là ṣírò wọ́n, ọjà tó ń ti òkè òkun wá wọ́n nígbà tí náírà já. Àwa tó máa ń wọ ọkọ̀ lọ Ìlọrin ra nǹkan ní Shoprite tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi 50 kìlómítà, ti rí bí nǹkan ṣe yí padà níbẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Àwọn tó yẹ ká máa wò báyìí ni súpámákẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn, irú FoodCo tó bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1982 tó sì ti tàn káàkiri. Àwọn yìí mọ irú búrẹ́dì tá a fẹ́ràn, ilé ni wọ́n ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà wọn, wọ́n mọ̀ pé iná ò sí wọ́n sì ti ṣètò ẹ̀. Dọ́là ò ní lé wọn lọ bó ṣe lé àwọn tọ̀hún lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí mo ní ó ń pani. Lọ́dún 2023 sí 2024, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún ló gbẹ l'Ógbómọ̀ṣọ́ láìsí súpámákẹ́ẹ̀tì kankan nítòsí wọn. June 2023 ni CBN tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní ₦400 àti díẹ̀ kọjá ₦1,500 kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé, ìfowójá, ìyẹn bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i láàárín ọdún kan, sì gòkè títí tó fi dé 34.8% ní December 2024. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìsọ̀ kan. Ó ra páálí 10 ní ₦7,000, ₦70,000 nìyẹn. Ó tà á ní ₦7,800, ó pa ₦78,000, inú ẹ̀ dùn pé òun jèrè ₦8,000, ó mú ₦5,000 nínú ẹ̀ ra oúnjẹ fún ilé. Ó padà dé ọjà pẹ̀lú ₦73,000, wọ́n ní páálí ti di ₦9,200. Páálí 7 ló lè rà. Ó tà gbogbo ẹ̀ tán, kò jí owó, kò ná ìnákúnàá, páálí mẹ́ta ti pòórá. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, ẹ ó rí i pé pákó ìpàtẹ ti ń ṣófo, wọ́n á to agolo síwájú kí ẹ̀yìn má baà hàn, àwọn kọ́sítọ́mà á ní ìsọ̀ yẹn ò ní ọjà mọ́, wọ́n á máa lọ síbòmíì. Bí ìsọ̀ ṣe ń kú nìyẹn, àwọn èèyàn á sì ní ayé ló ń ṣe é.

Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹnì kan ní ọ́fíìsì á yí iye owó padà lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, gbogbo ẹ̀ka ti ń ta iye tuntun, kọ́sítọ́mà á kùn, àmọ́ kò rí ẹni tó máa bá jà. Onísọ̀ àdúgbò tó bá fi owó kún ọjà tó ti wà nílẹ̀, wọ́n á ní ṣe bí ti àná lo rà á, o ti wá dájú jù. Mo mọ bó ṣe ń dùn wọ́n. Síbẹ̀, iye tí ẹ máa fi ra òmíì ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe iye tí ẹ fi ra èyí tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì máa bá àwọn èèyàn yín sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ náà, pé láti Monday o, ọjà yìí máa lọ sókè. Èèyàn máa ń gbà á tó bá ti gbọ́ ṣáájú. Kí owó ilé àti owó ọjà má sì máa gbé inú àpò kan náà. Kí ẹni tó ni ìsọ̀ máa san iye kan fún ara ẹ̀ lọ́sẹ̀, tó bá tán kó dúró de ọ̀sẹ̀ míì, kí ọmọ ilé tó bá mú bísíkíìtì náà wà nínú ìwé.

Nígbà tí ojú owó bá ti lọ tán, ibi tó kù ni owó èlé. CBN fúnra ẹ̀ gbé iye tó fi ń ṣe òdiwọ̀n èlé dé 27.5% ní November 2024, ẹ wá fojú inú wo iye tó máa jẹ́ kó tó kan onísọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní gbọ́múlé lántà, tí wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú onígbọ̀wọ́, owó àkọ́kọ́ ti di sísan kí ọjà tí wọ́n fi rà tó tà. Mo ti rí obìnrin tó ń ta ọjà ní iye tí òun fi rà á kó lè rí owó ọ̀sẹ̀ san. Àjọ ojoojúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ tó ṣe é fọkàn tán sàn jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní èlé.

Under-G ní tiẹ̀ tún yàtọ̀. Láti 1990 tí wọ́n ti dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ló ń gbé ọjà agbègbè yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé, ìsọ̀ kì í gbèrò, ọjọ́ tí wọ́n bá lọlé gbogbo àdúgbò á dákẹ́. Ẹ rántí 2016 wọ 2017, nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ di wàhálà láàárín ìjọba Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tí wọ́n jọ ni ín nígbà náà, ilẹ̀kùn iléèwé wà ní títì fún oṣù gbọọrọ, ìsọ̀ mélòó ló tì pa níbẹ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀ka níbòmíì á fi ti ibẹ̀ gbé ti ibí. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ò ní ibòmíì, ìyẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe kó gbogbo owó wọn lé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ń rà, kí wọ́n ní ọjà tí onílé àdúgbò máa rà pẹ̀lú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà. Ní Jámánì, ní 1898, àwọn onísọ̀ kékeré kan ní Berlin tó ń ta kọfí, ṣúgà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kóra jọ pé àwọn á jọ máa ra ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni Edeka ti wá, òun ló tóbi jù nínú àwọn tó ń ta oúnjẹ ní Jámánì lónìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù inú ẹ̀, ẹni tó ni ín ló ń jókòó tì í. Wọn ò pa àwọn ìsọ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ríra ọjà ni wọ́n sọ di ọ̀kan. Àwa náà mọ kọpúrétìf, òfin ẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó lò ó, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń lò ó títí dòní. Tiwa kàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti owó yíyá nìkan. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa náà pọ̀, wọ́n ń dá owó òkú, wọ́n ń dá owó aṣọ ẹbí, wọ́n ń pàdé lóṣooṣù, àmọ́ ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ẹgbẹ́ mélòó lẹ mọ̀ tó jọ ń ra ọṣẹ?

Ká ní ṣọ́ọ̀bù 20 láti Adéníkẹ̀ẹ́ títí dé Under-G, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ páálí 5, 100 páálí nìyẹn, dísírìbútọ̀ á dá wọn lóhùn. Tí wọ́n bá rí ₦600 yọ lórí páálí kan, ẹni tó ń ta páálí 20 lóṣù ti ní ₦12,000 tí ò ní tẹ́lẹ̀, láìfi kọ́bọ̀ kún ọjà. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ, pé ta ló máa gba owó, ta ló máa bá wa lọ, ẹni tó gba owó kẹ́yìn jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan ńlá. Ọjà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kì í bàjẹ́ tó sì ń tètè tà ló tó, ìyọ̀, ọṣẹ, màgí, nudùlù. Kí owó wọ àkáǹtì tí èèyàn méjì ń fọwọ́ sí, kó má jẹ́ OPay ẹnì kan. Kí wọ́n pín ọjà lọ́jọ́ tó bá dé, ní gbangba, kó má sun ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ò bá sì tíì sanwó ò sí nínú ti ọ̀sẹ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ alága. Iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa tà á, kí oníkálùkù mọ tiẹ̀, torí òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíje àti ẹ̀tọ́ kọ́sítọ́mà, ò gbà kí ọlọ́jà jọ panu pọ̀ dá iye títà sílẹ̀.

Àwọn kan tún ń lo áàpù tó ń gbé ọjà wá sí ṣọ́ọ̀bù, irú Alerzo tó bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ó dáa, ó ń bá èèyàn yọ owó ọkọ̀ àti àkókò kúrò. Àmọ́ owó àwọn olùdókòwò ló ń mú kí irú àwọn áàpù yìí lè tà ní pọ́ọ́kú níbẹ̀rẹ̀, ní Kenya ní 2024 MarketForce pa tiwọn tì lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ọ̀pọ̀ onísọ̀ lórí ẹ̀, nítorí náà ẹ lò ó, kí nọ́ńbà dísírìbútọ̀ má kúrò lórí fóònù yín. POS ní tiẹ̀, tí ìsọ̀ ò bá tíì gba transfer títí di báyìí, ó ti ń lé èèyàn lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú, a rí ẹni tó ń tà àti ẹni tí ò tà.

Ṣé ìjọba lè dá sí i? Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 1936, Robinson-Patman, pé ẹni tó ń ta ọjà ò gbọ́dọ̀ ta fún ẹni ńlá ní owó kan kó wá tà fún ẹni kékeré ní òmíì láìnídìí. Òfin náà sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di December 2024 kí ìjọba wọn tó tún gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù lórí ẹ̀. Tiwa náà ní kí ẹni tó ti gba ọjà má fi agbára ẹ̀ ni ẹlòmíì lára, FCCPC sì ti súpámákẹ́ẹ̀tì kan pa l'Abuja ní February 2024 torí iye ara pákó yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń gbà nídìí ẹ̀rọ. Mo fara mọ́ ọn kí wọ́n máa ṣe é sí i. Ti owó orí, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ní ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé fún èèyàn lọ́dún ò ní owó orí, kí onísọ̀ mọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé dẹ́rù bà á. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ káńsù Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé kí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já má pọ̀ ju ara wọn lọ, kí wọ́n kọ iye ẹ̀ síbi tí gbogbo ọjà á ti rí i.

Kò sí ọ̀kankan nínú ìyẹn tó yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó dè. Ẹ kọ orúkọ ọjà márùn-ún tó ń tà jù nínú ìsọ̀ yín sílẹ̀, kí ẹ kọ iye tí ẹ ń ra páálí kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ lọ bá dísírìbútọ̀, ẹ bi í pé èló ni tá a bá gba 50, èló ni tá a bá gba 100, ṣé owó ọkọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ mú ìwé yẹn lọ fi han ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí yín kí àwọn ọmọ LAUTECH tó wọlé.